Gíláàsì Fínfín: Ìmọ́lẹ̀, Iyanrìn àti Ẹ̀mí Oníṣẹ́

Gíláàsì tí wọ́n fi iyanrìn àti atẹ́gùn fín ọnà sí lára ti di ohun tí ojú ń rí káàkiri nínú ilé àwọn ènìyàn lóde òní, yálà lára ilẹ̀kùn balùwẹ̀, lára ògiri onígíláàsì tó pín pálọ̀ kúrò lára yàrá ìjẹun, tàbí lára fèrèsé tó kọjú sí ẹnu géètì. Síbẹ̀, ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò tíì tàn ká tó bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti tàn ká. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sanwó rẹ̀ lérò pé ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kùn ún, àwọn mìíràn sì gbà pé kò yàtọ̀ sí sítíkà oníke tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọ́fíìsì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lórí ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an, ibi tó ti ṣẹ̀ wá, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é, àti ohun kan tí kò yẹ kó fara sin sẹ́yìn ẹwà rẹ̀, ìyẹn eruku tí oníṣẹ́ ń fà símú nígbà tó bá ń ṣe ilé ẹlòmíràn lọ́ṣọ̀ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yéni ni ìdí tí gíláàsì fi ń hàn gbangba. Ojú gíláàsì dán, ó sì tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ ń gba ọ̀nà tààrà kọjá, tí ojú fi lè rí ohun tó wà ní òdì kejì bó ṣe rí. Nígbà tí ohun líle kan bá kọlu ojú dídán yìí lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, tó sì ń bu awẹ́ tín-tìn-tín kúrò lára rẹ̀, ìtànṣán tó bá débẹ̀ kò lè gba ọ̀nà kan ṣoṣo mọ́, ńṣe ni yóò fọ́n ká sí gbogbo apá. Fífọ́nká yìí ni ojú ènìyàn ń rí gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ funfun. Kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀, ìdí sì nìyí tí iṣẹ́ náà kì í fi í ṣí, tí oòrùn kì í fi í pa àwọ̀ rẹ̀ dà, tí fífọ̀ kì í sì í gbé e kúrò. Ìdí kan náà ló fà á tí gíláàsì fínfín fi ń padà hàn kedere bí omi bá dà sí ojú tí wọ́n fín: omi a kún inú àwọn ọgbẹ́ kéékèèké wọ̀nyẹn, ojú gíláàsì a sì tún tẹ́jú fún ìmọ́lẹ̀ títí omi náà yóò fi gbẹ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ ojú tí wọ́n fín sí ibi tí omi ìwẹ̀ ń tú sí nínú balùwẹ̀ yóò rí i pé ohun tí òun rò pé ó bo òun láṣìírí kò bò ó mọ́ ní àkókò tó nílò rẹ̀ jù lọ. Ojú gbígbẹ ni iṣẹ́ fínfín ń fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan iyanrìn, kẹ̀kẹ́ ìlọta àti ásíìdì ni àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù fi ń fín gíláàsì. Kẹ̀kẹ́ ìlọta jẹ́ àgbá kékeré tó ń yí, èyí tí oníṣẹ́ ń fi gíláàsì kàn díẹ̀díẹ̀ títí ọnà yóò fi hàn, iṣẹ́ sùúrù gbáà sì ni. Ní ti ásíìdì, ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì ni Heinrich Schwanhardt ti fi í fín gíláàsì ní nǹkan bí ọdún 1670, ó sì di ọdún 1771 kí Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́míkà tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Sweden, tó ṣe ìwádìí tó mú kí ayé mọ ásíìdì tó ń jẹ gíláàsì náà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hydrofluoric acid. Ásíìdì yìí ló wà nídìí àwọn gíláàsì olódòdó àti onílẹ́tà tó kún inú ilé ọtí àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé Ọbabìnrin Victoria, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìgboro wọlé ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá lọ mọ ẹni tó jókòó ti ife. Iṣẹ́ wọn dára, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ásíìdì náà burú ju bí ojú rẹ̀ ti rí lọ, nítorí pé ó ń gba inú awọ ara wọlé, ó sì ń wá èròjà kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti egungun lọ, débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá ta síni lára lè ṣekú pani. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ládùúgbò máa fi ọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Benjamin Chew Tilghman, ọmọ ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní ọdún 1821. Olùdásílẹ̀ ẹ̀rọ ni, jagunjagun sì ni pẹ̀lú, torí pé nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, òun ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó darí ẹgbẹ́ kẹta nínú àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ìyẹn àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó gbé ìbọn ko àwọn tó ń fẹ́ kí oko ẹrú máa bá a lọ. Ogun náà parí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1870 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ tó fi ọgbọ́n kan sí orúkọ rẹ̀: pé bí wọ́n bá fi atẹ́gùn tàbí ooru omi gbígbóná ti iyanrìn jáde láti ẹnu páìpù tóóró, iyanrìn náà lè gé òkúta, ó lè họ irin, ó sì lè fín gíláàsì. Ìtàn kan wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ pé ojú fèrèsé tí iyanrìn aṣálẹ̀ ti sọ di funfun ló ta á lólobó, ìtàn náà sì bá ọgbọ́n orí mu, nítorí pé ohun tí ìjì ń fi ọdún púpọ̀ ṣe ni Tilghman kó sẹ́nu páìpù kan ṣoṣo.

Ohun ìyanu tó wà nínú ọgbọ́n yìí ni pé ohun líle ni iyanrìn ń bù jẹ, tí ohun rírọ̀ sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gíláàsì le, ṣùgbọ́n kò ní fífà. Bí egunrín iyanrìn bá gbá a, ara rẹ̀ yóò bu. Rọ́bà kò le, ṣùgbọ́n ó ń rọ̀ fún ohun tó bá gbá a, ó sì ń ta á padà láìfara gbọgbẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bo apá kan lára gíláàsì tí wọ́n sì ṣí apá kan sílẹ̀, apá tí wọ́n ṣí nìkan ni iyanrìn yóò fín, ìlà tó pààlà sáàárín méjèèjì yóò sì mú ṣáká. Ẹni tó bá ti wo aláró níbi àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí ti mọ ìdajì ọgbọ́n yìí, nítorí pé ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kì í wọ̀, ibi tí kò bò ló ń dúdú. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta tilẹ̀ ti ń gé páànù síńkì ní onírúurú ọnà láti máa fi tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ tipẹ́tipẹ́. Ìmọ̀ ohun tó yẹ ní bíbò ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà, ìbọn iyanrìn, ìyẹn ohun tó ń tu iyanrìn náà jáde, kàn ń tẹ̀ lé àṣẹ ìbòrí ni.

Bí gíláàsì fúnra rẹ̀ bá wọ́, kò sí ọnà tó lè tọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó mú kí gíláàsì títẹ́jú pọ̀ lọ́jà tó báyìí ni ọgbọ́n tí Alastair Pilkington dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí iléeṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1959, nínú èyí tí wọ́n ti ń da gíláàsì yíyọ́ sórí tánganran yíyọ́ kó lè tẹ́ lọ bí omi kó tó dì. Gíláàsì oníwọ̀n mílímítà 4 tàbí 5 tó fún ọnà orí lásán, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tó bá máa jinlẹ̀, mílímítà 10 tàbí 12 ni àwọn tó gbọ́n ń béèrè.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá ti mọ iṣẹ́, fífọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi spírítì nu gíláàsì títí tí òróró ọwọ́ kan kò fi ní ṣẹ́kù lára rẹ̀, nítorí pé ibi tí òróró bá wà ni ìbòrí yóò ti ṣí nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Wọ́n á lẹ ìbòrí rọ́bà mọ́ ọn, wọ́n á fi ike pẹlẹbẹ tì í láti àárín lọ sí etí kí atẹ́gùn kankan má baà há sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì bo ẹ̀yìn àti etí gíláàsì náà pẹ̀lú, torí pé iyanrìn tó bá ta padà kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó fín ibi tí kò yẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ya àwòrán sórí ìbòrí, tàbí kí kọ̀ǹpútà gé e kó tó dé orí gíláàsì. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé e, bíléèdì gbọ́dọ̀ la rọ́bà já láìtẹ gíláàsì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jù yóò fi ìlà tóóró kan sílẹ̀ lára gíláàsì, ìlà náà yóò sì máa tàn yanran nígbàkígbà tí oòrùn bá bọ́ sí i. Fún àwòrán tó ní ìlà wínníwínní bí irun orí tàbí ìyẹ́ ẹyẹ, ìbòrí kan wà tí wọ́n ń ta ìmọ́lẹ̀ alágbára sí gba inú àwòrán dúdú àti funfun, ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé a le, ibi tí kò dé a rọ̀, wọ́n á sì fi omi fọ èyí tó rọ̀ dànù.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ki atẹ́gùn mọ́ inú àgbá, ló ń fún ìbọn iyanrìn lágbára. Ipá tí iṣẹ́ gíláàsì ń fẹ́ kò pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ti rò, nítorí pé nǹkan bí páùn 30 sí 40 lórí íńṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tó. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìbòrí yóò ya, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ sì lè là. Bí afẹ́fẹ́ ìlú tó súnmọ́ òkun bí Èkó ti kún fún omi tó, omi máa ń bá atẹ́gùn jáde láti inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, egunrín á sì lẹ̀ mọ́ra wọn bíi gààrí tó rin, ìbọn á dí, ọnà á sì ní àbàwọ́n. Ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ní ohun tó ń gba omi kúrò nínú atẹ́gùn kò lè ṣe iṣẹ́ tó mọ́. Egunrín tí wọ́n ń tu náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí nọ́ńbà bá sì ṣe tóbi tó ni egunrín ṣe kúná tó: èyí tó wà láàárín 150 sí 220 ń fi ojú kíkúná tó dán bíi sátíìnì sílẹ̀, èyí tó wà ní 80 tàbí 100 sì ń jẹ gíláàsì kíákíá fún iṣẹ́ jíjinlẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni oníṣẹ́ ń gbà lo ìbọn náà, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ni ìyàtọ̀ àárín ọmọ iṣẹ́ àti ọ̀gá. Fínfín orí ni èyí tó wọ́pọ̀ jù, níbi tí wọ́n ti ń tu egunrín lọ tu bọ̀ ní ìwọ̀n kan náà títí gbogbo ibi tó ṣí yóò fi funfun déédéé. Èkejì ni fífi òjìji sí i: oníṣẹ́ yóò fa ìbọn sẹ́yìn, yóò sì tu ìwọ̀nba díẹ̀ sí etí ewé tàbí abẹ́ ìyẹ́, kí funfun náà lè máa ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pòórá sínú gíláàsì tó mọ́. Iṣẹ́ yìí le nítorí pé gbogbo nǹkan ni eruku sọ di funfun nígbà tí wọ́n bá ń tu ú, kò sì sí bí ojú ṣe lè mọ ibi tí òjìji dé. Ìwọ̀n tí ọwọ́ ti kọ́ nìkan ni oníṣẹ́ lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀kẹta ni gbígbẹ́ ní ìpele-ìpele, níbẹ̀ sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Ká ní àwòrán náà jẹ́ ti lékeléke tó dúró níwájú imọ̀ ọ̀pẹ, tí ìyẹ́ rẹ̀ kan sì ká bo ara rẹ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí, kí ẹni tó ń wò ó lè máa wò ó láti ojú tó dán. Ìyẹ́ tó wà níwájú jù ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí ìbòrí rẹ̀, wọ́n á sì tu egunrín sí i títí yóò fi jin tó mílímítà mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí ìbòrí ara ẹyẹ, wọ́n á gbẹ́ ẹ kó má jin tó ìyẹ́. Wọ́n á tẹ̀ síwájú dé ọrùn àti ẹsẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ni wọ́n á sì ṣí kẹ́yìn, wọ́n á kàn fi egunrín kàn án díẹ̀. Ní gbogbo ibi tí apá méjì bá ti pàdé, etí ọ̀gbun kan yóò wà tó pààlà sáàárín wọn. Nígbà tí wọ́n bá yí gíláàsì náà padà, ojú tí ń wo kòtò láti òdì kejì yóò rí i bí ohun tó yọ síta: ẹyẹ náà yóò dà bí ẹni tó fẹ́ fò jáde, imọ̀ ọ̀pẹ yóò sì sá sẹ́yìn. Bí oníṣẹ́ bá ṣi ìpele kan ṣoṣo ṣí, tó gbẹ́ imọ̀ ṣáájú ìyẹ́, kò sí àtúnṣe, nítorí pé ohun tí iyanrìn bá ti bù lára gíláàsì kì í padà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í jẹ́ kí ibi tó jin jù kọjá ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ìpọn gíláàsì, kí agbára rẹ̀ má baà tán.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń parí iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá to iná LED sí etí ìsàlẹ̀ gíláàsì tó nípọn, ìmọ́lẹ̀ náà yóò há sínú gíláàsì, yóò máa fò láti ojú kan sí ojú kejì láìjáde, títí yóò fi kan ibi tí wọ́n fín, níbi tí yóò ti fọ́n jáde. Nípa bẹ́ẹ̀, lékeléke náà nìkan ni yóò máa tàn nínú òkùnkùn, gíláàsì tó yí i ká yóò sì dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Gíláàsì tó wọ́pọ̀ ní irin díẹ̀ nínú, irin náà ló ń mú kí etí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ yìí a sì hàn gan-an bí iná bá gba etí wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ funfun tó mọ́ gbọ́dọ̀ ra irú èyí tí irin inú rẹ̀ kò tó nǹkan, owó rẹ̀ sì wọ́n jù. Ọ̀rọ̀ àṣírí pẹ̀lú kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó: gíláàsì fínfín ń bo ohun tó jìnnà sí i, kì í bo ohun tó súnmọ́ ọn, ẹni tó bá sì dúró lẹ́bàá rẹ̀ lálẹ́ nígbà tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀, ìrísí ara rẹ̀ yóò hàn fún ẹni tó wà níta. Òróró ọwọ́ náà ń fi àbàwọ́n dúdú sí ojú tí wọ́n fín, nítorí náà kò bójú mu láti fín ibi tí ọwọ́ ń gbá ilẹ̀kùn mú sí, àyàfi bí wọ́n bá fi èròjà ìdáàbòbò pa á.

Ilẹ̀kùn onígíláàsì tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ohun tó yẹ ní ilẹ̀kùn ni gíláàsì tẹ́ḿpà, èyí tí wọ́n mú gbóná kọjá 600 lórí ìwọ̀n Celsius tí wọ́n sì fi atẹ́gùn tútù bù lójijì, kí ojú rẹ̀ lè fún pọ̀ mọ́ra, kó le ju gíláàsì lásán lọ, kó sì fọ́ wẹ́wẹ́ láìní ẹnu mímú gígùn bó bá fọ́. Agbára rẹ̀ wà ní ojú rẹ̀ tó fún pọ̀ yìí, fún ìdí èyí, ẹni tó bá gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ lẹ́yìn tó ti di tẹ́ḿpà ń gé okùn tó dì í mú, gíláàsì náà sì lè tú ká lójú ẹsẹ̀. Gbígbẹ́ ni kó ṣáájú, kí iná tó tẹ̀ lé e. Oníṣẹ́ tó bá sọ fún onílé pé kò sí ìyàtọ̀ nínú èyí tó ṣáájú, kí onílé náà wá ẹlòmíràn.

Àwòrán tó ń bọ́ sójú gíláàsì ilé wa báyìí kì í sábà ti ibì kankan wá ju inú kọ̀ǹpútà lọ: òdòdó kan náà, ẹja kan náà, ewé kan náà láti ilé dé ilé. Èyí jẹ́ àdánù, nítorí pé àwọn Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí gíláàsì, wọn kì í sì í ṣe àjèjì sí fínfín. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wa ilẹ̀ ní ọdún 2011 àti 2012, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 àti àfọ́kù àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, ìwádìí sì fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ń po gíláàsì tiwọn láti inú ohun tó wà nílẹ̀ wọn láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọ̀fíngbá Ọ̀yọ́ ń fi ọ̀bẹ kékeré ya ìlà onígun àti ẹranko sára igbá. Agbẹ́gilére Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, nínú èyí tí ọba jókòó gba àlejò òyìnbó tí àwọn agbẹ́rù gbé wá, ilẹ̀kùn náà dé ibi àfihàn Wembley ní ìlú London ní ọdún 1924, ó sì wà ní British Museum títí di òní. Àwọn àwòrán Ọlọ́wẹ̀ yọ síta kúrò lára igi débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, òjìji wọn sì ń rìn bí oòrùn ti ń rìn. Ìpele-ìpele tí wọ́n ń gbẹ́ sí gíláàsì ló súnmọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ jù nínú gbogbo ohun èlò ilé ìgbàlódé, nítorí náà ó yẹ kí ẹnìkan gbìyànjú ilẹ̀kùn onítàn lórí gíláàsì. Àdìrẹ Ìbàdàndùn, pẹ̀lú àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tó wà nínú rẹ̀, ti pín ara rẹ̀ sí ojú ìwé onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí dúdú àti funfun ti ya ara wọn sọ́tọ̀. Kò sí ohun tí bíléèdì lè gé wẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yusuf Grillo fi gíláàsì aláwọ̀ ṣe fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ojú ayàwòrán Yorùbá nígbà ayé rẹ̀, ó sì fi hàn pé gíláàsì kì í kọ ojú ẹni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ eruku. Iyanrìn odò àti iyanrìn òkun kún fún èròjà tí wọ́n ń pè ní sílíkà. Iyanrìn funfun Ìgbọ́kọ̀dá ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lókìkí nítorí sílíkà yìí, èyí tó mú kó dára púpọ̀ fún yíyọ́ gíláàsì, ṣùgbọ́n ohun tó mú un dára fún yíyọ́ ló sọ ọ́ di májèlé fún títu. Nígbà tí egunrín iyanrìn bá gbá gíláàsì, òun náà ń fọ́, ó sì ń di lẹ́bú tó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Eruku tí ojú ń rí ń balẹ̀; èyí tí ojú kò rí ló ń léfòó nínú yàrá fún wákàtí púpọ̀, òun ló sì ń wọlé dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ara kò lè yọ ọ́, kò sì lè jẹ ẹ́, ńṣe ni yóò máa fi àpá wé e títí ẹ̀dọ̀fóró yóò fi le, tí kò ní lè fẹ̀ gba afẹ́fẹ́ mọ́. Silicosis ni orúkọ àrùn náà. Kò ní ìwòsàn, ó ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, àwọn tó ń tu iyanrìn láìdáàbò bo ara wọn sì lè kó o láàárín ọdún mélòó kan péré, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́.

Ayé ti mọ èyí tipẹ́. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní ọdún 1949 pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi iyanrìn tàbí ohun mìíràn tó ní sílíkà ṣe iṣẹ́ títu mọ́ ní àwọn iléeṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1997, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi eruku sílíkà sí ipò kìíní nínú àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn. Ní ilẹ̀ Túkì, ọ̀dọ́kùnrin púpọ̀ tó ń tu iyanrìn sára ṣòkòtò jíìnsì kí ó lè dà bí ògbólógbòó ló kó silicosis kí ìjọba tó fòfin de iṣẹ́ náà ní ọdún 2009. Ṣòkòtò lásán ni àwọn kan nínú wọn torí rẹ̀ kú, nítorí pé ẹnìkan fẹ́ kó ṣí díẹ̀ ní orúnkún.

Ohun tó lè rọ́pò iyanrìn wà, kì í sì í ṣe àwátì. Aluminium oxide kò ní sílíkà tó ń pani yìí, ó le ju iyanrìn lọ, ó sì ń mú kí iṣẹ́ yá. Silicon carbide, èyí tí Edward Goodrich Acheson ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1891, tún le ju ìyẹn lọ. Owó wọn wọ́n ju iyanrìn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyanrìn ń fọ́ di lẹ́bú nígbà kan péré, nígbà tí àwọn wọ̀nyí ṣeé kó nílẹ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì tún un tu lọ́pọ̀ ìgbà, owó náà sì ń padà wọlé. Síbẹ̀, eruku ni eruku ń jẹ́: gíláàsì tó ń bù náà ń di lẹ́bú, ọ̀dà àtijọ́ tàbí ẹ̀yìn dígí lè ní èròjà mìíràn, nítorí náà inú àpótí tó pa dé tó ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku jáde ni kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ kékeré, èyí tó bá sì tóbi bí ilẹ̀kùn, kí oníṣẹ́ wọ ìbojú tí wọ́n ń fi páìpù gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wọ inú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n dì mọ́ imú kò dá lẹ́bú tí ojú kò rí dúró. Aṣọ iṣẹ́ náà kò yẹ kó bá oníṣẹ́ wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ọmọ iṣẹ́ máa fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní gbígbẹ.

Agbára àtidáàbò bo oníṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ yóò lo ohun tí oníbàárà bá béèrè. Nítorí náà, kí onílé tó bá fẹ́ fi gíláàsì fínfín ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀ kó tó san owó àsansílẹ̀. Kó béèrè irú egunrín tí wọ́n ń tu, kó wo àpò rẹ̀, kó sì wo ohun tó wà lójú àti ní imú ọmọ iṣẹ́ tó di ìbọn mú. Bó bá jẹ́ iyanrìn odò ló bá nílẹ̀, kó má ṣe gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn, bó ti wù kí owó wọn dínkù tó, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn lójúkojú.